Èso Mustikka àti Ìgbóná Abẹ́lẹ̀ Nínú Ara Tó Sanra Jù

Bí ìṣó bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa dùn ún. Ara ló ń jà. Bí ìjà bá parí, ibẹ̀ á rọlẹ̀. Irú èyí dára. Bí kò bá sí, egbò kékeré lè gbẹ̀mí èèyàn. Irú kejì la fẹ́ yẹ̀ wò: èyí tí kì í rọlẹ̀, tí kì í dunni, tó wà nínú ara bí ẹyín iná lábẹ́ eérú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìgbóná abẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ọ̀rá ikùn kàn jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1993, Gökhan Hotamisligil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀rá ara eku tó sanra jù ń tú TNF-alpha jáde, èròjà kan tí ara fi ń ko ìjà. Nígbà tí wọ́n dí èròjà náà lọ́wọ́, ínsúlíìnì, tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Lọ́dún 2003 ni àwọn mìíràn wá rí i pé irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, tó máa ń jẹ kòkòrò àti òkú sẹ́ẹ̀lì, ń kóra jọ sínú ọ̀rá ẹni tó sanra jù. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó bá wú kọjá ààlà kì í rí atẹ́gùn tó, àwọn mìíràn a sì kú. Àwọn agbálẹ̀ yìí ń bọ̀ wá kó òkú, ṣùgbọ́n òkú kò tán nílẹ̀, nítorí náà wọn kò lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà àtọ̀gbẹ ti máa ń là.

Ṣé oúnjẹ lè dín ìgbóná yìí kù? Ní Fínláǹdì, èso kan wà tí wọ́n ń pè ní mustikka, tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò nítorí èyí. Igbó ló ń hù sí fúnra rẹ̀, àṣà wọn sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ká a, ìbáà jẹ́ nínú igbó onígbó. Bí ẹ bá là á, inú rẹ̀ dúdú bí aró, á pa eyín àti ìka láró. Ìbátan rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ńlá, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú tirẹ̀ funfun. Aró inú mustikka yìí ni anthocyanin, ọ̀kan lára àwọn èròjà ewéko tí wọ́n ń pè ní pọ́lífínọ́ọ̀lù.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Èyí tó pọ̀ jù ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, bakitéríà ibẹ̀ á gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì gbà á. Ó tún ń ṣe àwọn bakitéríà náà lóore. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Laval ní Kánádà fún eku tó ń jẹ ọ̀rá àti ṣúgà ní èròjà tí wọ́n yọ látinú èso cranberry, tí òun náà kún fún pọ́lífínọ́ọ̀lù. Àwọn eku náà kò sanra tó àwọn yòókù, ìgbóná inú ìfun wọn dínkù, bakitéríà Akkermansia sì pọ̀ sí i.

Èèyàn ńkọ́? Ní Fínláǹdì, ìwádìí kan jáde lọ́dún 2012. Àwọn tó sanra jù jẹ mustikka tó tó gíráàmù 400 lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn kan jẹ oúnjẹ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro àwọn àmì ìgbóná inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ti àwọn tó jẹ èso náà lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara wọn kò yí padà. Ẹ di èyí mú, nítorí àwọn tó ń polówó máa ń pa á mọ́: èso yìí kò mú ẹnikẹ́ni fọn. Gbogbo wọn kò sì tó ọgbọ̀n, kálukú sì mọ ohun tó ń jẹ. Èmi ò lè fi ìyẹn ní kí alátọ̀gbẹ ju oògùn rẹ̀ nù. Bí wọ́n bá sì ti fi ṣúgà sè é di jáàmù, irú ṣúgà tí eku Laval ń jẹ nìyẹn, aró díẹ̀ ló kàn wà nínú rẹ̀.