Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí Owó Orí Ṣe Lè Ran Ẹni Tó Fẹ́ Dín Iná Kù Lọ́wọ́

Ẹ̀kọ́ tèmi lóṣù yìí dá lórí owó orí àti iná mànàmáná. Ẹ má sá o, ìṣirò inú rẹ̀ kò le.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC fọwọ́ sí i pé kí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi ₦68 kó di ₦225 fún yúnììtì kan. Àwọn ilé kan ní Maitama níbí wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí a bá ń tan gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 fún wákàtí 10 lójúmọ́, á jẹ yúnììtì 18 ní ọgbọ̀n ọjọ́. ₦4,050 nìyẹn. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 á jẹ yúnììtì 2.7, ìyẹn ₦607.50 péré.

Ṣùgbọ́n ohun tí kì í jẹ iná sábà máa ń wọ́n. Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ á ra èyí tó pọ́ọ́kú, iná á sì máa jẹ owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba kan fi ń dín owó orí kù. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ọ̀nà kìíní: ìjọba ò ní gba owó orí níbi tí a ti ń rajà. Ní Bìrìtéènì, VAT lórí ọ̀pọ̀ ọjà jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2022 títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2027, òdo ni VAT tí wọ́n bá bá èèyàn gbé páànù sólà sórí ilé, tàbí tí wọ́n bá tẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde sínú ògiri àti àjà.

Ọ̀nà kejì: èèyàn á kọ́kọ́ ná owó rẹ̀, ìjọba á wá yọ díẹ̀ nínú owó orí tó yẹ kó san lọ́dún náà. Amẹ́ríkà ṣe èyí láti 2023 títí di òpin 2025. Ẹni tó bá ra ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú ògiri yẹn lè rí ìdá 30 owó rẹ̀ yọ, kò sáà gbọdọ̀ ju $1,200 lọ́dún. Tó bá ra ti $3,000, ìdá 30 jẹ́ $900. Ṣùgbọ́n tí gbogbo owó orí rẹ̀ bá jẹ́ $400, $400 náà ló máa jẹ. $500 tó kù ti lọ nìyẹn! Ẹni tí kò ní owó orí láti san ò rí nǹkan kan.

Èwo ló bá wa mu? Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ ni. Òfin owó orí wa tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 sọ pé òdo ni owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá rí lọ́dún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá lo ọ̀nà Amẹ́ríkà, kí ni wọ́n máa yọ fún ìyá alákàrà tí kì í san owó orí yẹn? Tó bá jẹ́ VAT ni wọ́n yọ, òun náà á jẹ nínú rẹ̀. VAT tiwa jẹ́ ìdá 7.5: lórí fíríìjì ₦400,000 tí kì í jẹ iná púpọ̀, ₦30,000 nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọlọ́jà lè má dín owó ọjà kù, kó sọ ọ́ di èrè ara rẹ̀. Nítorí náà ìjọba gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn.

Iṣẹ́ ṣíṣe:
1. Èló ni VAT lórí fíríìjì ₦300,000?
2. Ayálégbé lè gbé gílóòbù àti fíríìjì rẹ̀ lọ tó bá ń kó kúrò, kò lè gbé àjà ilé. Ta ló yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́ lórí àjà ilé, onílé ni àbí ayálégbé?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀.