Owó Ni Àbí Ẹ̀rí Ohun Ìní?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ń rà, tí wọ́n ń tà lórí fóònù, tó jọ owó, ní "crypto". Oríṣiríṣi nǹkan ló wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èwo ló ń rà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé eNaira jáde. Náírà tí gbogbo wa ń ná náà ni, àfi pé kò ní bébà. eNaira kan, náírà kan. Kì í lé, kì í dín. Wọ́n tiẹ̀ ṣe é débi tí ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì fi lè tẹ *997# lórí fóònù kékeré. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ẹni tó ti ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì dé báńkì ní ìṣẹ́jú kan, kí ló tún fẹ́ fi eNaira ṣe?

Owó ni Bitcoin náà, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tàbí báńkì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto ló dá a sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2009. Ìwé ìṣirò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní blockchain, wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Bí ẹnì kan bá yí ẹ̀dà tirẹ̀ padà, àwọn yòókù á kọ̀ ọ́. Bitcoin kò dúró fún ohun kankan. Iye táwọn èèyàn bá gbà láti rà á ni iye rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fò sókè lónìí, tó ń já wálẹ̀ lọ́la.

Ti tókìn yàtọ̀. Orí blockchain lòun náà wà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi ohun ìní ṣe máa ń dúró fún nǹkan tó wà níbòmíràn. Ẹ wo PAX Gold tí ilé-iṣẹ́ Paxos gbé jáde lọ́dún 2019. Tókìn kan dúró fún wúrà tó lé díẹ̀ ní gíráàmù 31, wúrà náà sì wà ní títì pa nílùú London. USDT tí àwọn oníṣòwò wa ń lò gan-an ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú: wọ́n ń ná an bí owó, ṣùgbọ́n tókìn ni. Ilé-iṣẹ́ Tether tó gbé e jáde ló ní dúkìá tó tó dọ́là kan wà lọ́wọ́ òun fún USDT kọ̀ọ̀kan.

Tókìn bẹ́ẹ̀ dà bí ìwé ilẹ̀. Blockchain ò ní jẹ́ kí wọ́n ta ìwé kan náà fún ẹni méjì, èyí sì dára púpọ̀, pàápàá fún ẹni tó bá mọ ohun tí ọmọ onílẹ̀ lè fojú ẹni rí. Àmọ́ blockchain ò lè lọ síbi tí ìwé náà tọ́ka sí láti wò ó bóyá ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ tàbí odò. Èèyàn ló ń jẹ́rìí sí ìyẹn, èèyàn sì lè parọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún tókìn ohun ìní kankan, ẹ béèrè ibi tí ohun náà wà, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa gbà á tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Bí ẹni tó ń tà á bá ń sọ iye èrè tí ẹ máa jẹ dípò kó dá yín lóhùn, ẹ mú owó yín lọ sílé.