ÀLÁKÁLÀÁ ÀTI ÈPÈ ÌDÍLÉ

Ẹ̀kọ́ fún Tọmọdé Tàgbà
Ibi Kíkà: Ésékíẹ́lì 18:1–20; Jòhánù 9:1–3

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ohun tí ó ń tú ilé ká láàárín wa.

Ta ni kò tíì gbọ́ irú ìtàn yìí rí? Eégún lé ọkùnrin kan lójú àlá yí agboolé baba rẹ̀ ká. Lóru ọjọ́ kejì, baba àgbà rẹ̀ tó ti kú gbé ọmọ ìkókó lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà tutù bí omi àmù. Kí oṣù tó parí, ọmọ rẹ̀ kú, ìkejì rẹ̀ nìyẹn. Ẹbí ní èpè ìdílé ni, pé ìyá àgbà ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n lé arúgbó jáde. Ọmọ kẹta dé, òun náà ń ṣàìsàn.

1. Àwa Aládùúrà kì í fi àlá ṣeré. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn, Dádì Alí ti Ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde lá àlá pé ìjọ pín sí méjì: apá ńlá ṣókùnkùn, apá kékeré mọ́lẹ̀ nítorí àdúrà. Àlá yẹn kó àwọn baba wa jọ sí àdúrà. Kò ní kí wọ́n lọ mú ẹnikẹ́ni.

2. Àwọn kan a máa di Ẹ́kísódù 20 mú lórí ẹ̀ṣẹ̀ baba. Ṣùgbọ́n Ésékíẹ́lì kọ̀ jálẹ̀ pé kí ọmọ ru ẹ̀bi baba. Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè nípa afọ́jú, kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru òbí.

3. Ohun tí à ń jogún wà lóòótọ́: ẹ̀jẹ̀ ni. Bí baba bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko, síbẹ̀ ewu kan nínú mẹ́rin wà nínú oyún kọ̀ọ̀kan pé ọmọ yóò jẹ́ SS, èyí tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ó lè mú ọmọ méjì tẹ̀ léra láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣépè. Àlá ọkùnrin yẹn lè jẹ́ ìkìlọ̀. Ìtumọ̀ tí ẹbí fún un ló ṣìnà. Wọ́n lé ìyá àgbà, wọn kò gbé ọmọ lọ ṣàyẹ̀wò.

4. Nítorí náà, bí àlá bá bà ọ́ lẹ́rù, dìde, gbàdúrà, gbààwẹ̀. Wo ara rẹ pẹ̀lú, nítorí ibà a máa fa àlákálàá. Ẹ̀yin wòólì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìran dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àfẹ́sọ́nà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí a tó kéde ìgbéyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti lé àgbàlagbà kúrò nílé, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ mú wọn padà.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa tú ilé wa. Àmín.