Ilẹ̀ Kì Í Kọ̀wé Kó Tó Mì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa dá ṣàkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, ẹni tó bá ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rán an létí pé ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, pé a tún mọ̀ ọ́n lára níhà ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, àti pé Mpape ní Abuja mì ní 2018.

Ìdí kọ̀ǹpútà lẹ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀ ná. Jiofóònù, ohun tí yóò máa gbọ́ ìmì ilẹ̀ fún yín, kò ní awo nínú: irin òòfà wà lára àpótí rẹ̀, wáyà tí wọ́n ká sì ń fì lórí sípíríìngì. Bí ilẹ̀ bá mì, àpótí á bá ilẹ̀ lọ, wáyà á fẹ́ dúró síbi tó wà, iná bíńtín á sì ṣẹ́ yọ nínú rẹ̀. Iná yẹn lẹ ó máa kà nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá wá gbé e sínú pálọ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti odó iyán ni yóò máa kọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ wá àpáta tó yọrí, kí ẹ da kọnkéré lé e, kí kọnkéré náà má kan ògiri kankan.

Ó tún ku aago. Ìgbì tó ń ṣáájú dé máa ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú àpáta. Ẹ wo bí aago tó fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ṣìnà ṣe lè gbé yín lọ sí abúlé mìíràn nígbà tí ẹ bá ń wá ibi tí ìmì náà ti bẹ̀rẹ̀. GPS ni kí ẹ fi tọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà dá ké fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì, kó fi ariwo ìṣẹ́jú àáyá kan wé ti ọgbọ̀n tó ṣáájú. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó da èyí tí kò ké sí nù. Nọ́ńbà 8,640,000 lóòjọ́ kò tó nǹkan lójú káàdì òde òní, ìmì wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ jù nílẹ̀ tiwa.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ já iná rẹ̀ lójijì, láàárọ̀, lóru, nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Bí kò bá dá dìde, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ láìsí ọwọ́ yín níbẹ̀, ẹ má tíì gbé e kúrò lórí tábìlì.