Kí O Tó Ra Laptop Tí Wàá Fi Máa Ṣiṣẹ́ Fídíò

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí o tó lọ kówó fún àwọn tó ń ta laptop ní Computer Village. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé fídíò ìgbéyàwó lò ń ṣe, wọn á ní èyí tó ní processor i7 ni kó o rà, pé òun ló ń jẹ́ kí àwòrán mọ́ kedere. Irọ́ gbuu. Processor kì í bá ìyàwó tún àtíkè ṣe. Fi fídíò kan náà sínú HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń fún fídíò pọ̀, lórí laptop olówó gọbọi àti lórí èyí tó ti gbó, yan x264 (òun ló ń sọ fídíò di H.264), RF 22 àti preset kan náà fún méjèèjì: bákan náà ni ojú ìyàwó á ṣe mọ́. Ọ̀kan á kàn parí kí o tó jẹun tán, èkejì á ṣì máa fà á bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. (RF yẹn, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i, tí fáìlì sì ń wú.)

Preset, ìyẹn bí x264 ṣe máa yára tó, ni kó o ṣọ́. Bí o bá yan slow, x264 á fara balẹ̀ wá ohun tó jọra láàárín àwọn férémù kó tó pinnu èyí tó máa jù nù. Ultrafast ò ráyè ìyẹn. Ní kí fáìlì méjèèjì má ju ìwọ̀n kan náà lọ, kó o wá wo léèsì ìyá ìyàwó níbi tó ti ń jó: nínú ti ultrafast, iṣẹ́ ara léèsì á ti dà rú di onígun-mẹ́rin wẹ́wẹ́. Ẹni tí processor rẹ̀ ò lágbára ni ìkánjú sábà máa ń tì síbẹ̀.

Ọ̀nà àbùjá kan wà. Láti 2011 ni Intel ti ń fi Quick Sync sínú ọ̀pọ̀ processor rẹ̀, iṣẹ́ fídíò nìkan ló sì wà fún. Ó yára bí àṣá! Àmọ́ bí fáìlì bá tóbi bákan náà, x264 tó fara balẹ̀ sábà máa ń mọ́ jù ú lọ. Èmi máa ń lò ó fún status WhatsApp, torí WhatsApp náà ṣì máa fún fídíò ọ̀hún pọ̀. Èyí tí ìyàwó máa fi han ọmọ rẹ̀ lọ́la, x264 ni mo fi ń ṣe é.

Tó o bá fẹ́ rà, má wo i7 lásán. i7-7500U ti 2016, core (ìyẹn òṣìṣẹ́ inú processor) méjì péré ló ní; i5-8250U tó dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní mẹ́rin. Má gbé laptop sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, torí bó bá ti gbóná jù, fúnra rẹ̀ ló máa dín eré kù. Bí iná bá sì lọ tó ku bátìrì nìkan, ọ̀pọ̀ wọn á tún rọra.

Bó bá sì ṣe pé MKV lo kàn fẹ́ sọ di MP4, tí H.264 ti wà nínú rẹ̀, má da HandBrake láàmú. Sọ́fítíwíà FFmpeg pẹ̀lú “-c copy” á kó o bọ́ sínú MP4 láìfọwọ́ kan férémù kankan, laptop tó ti gbó pàápàá ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Má sọ fún oníbàárà pé kò pẹ́ o. Gba owó rẹ pé.