Ẹ Tọ́jú Oríkèé Àgbọ̀n Yín

Ẹ fi ìka kan iwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ ya ẹnu, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tó ń mì lábẹ́ ìka yín ni oríkèé àgbọ̀n. Òun ló so eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ agbárí. Bí a ṣe ń jẹun, tí à ń sọ̀rọ̀, tí a sì ń yán, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Nǹkan pẹlẹbẹ kan tó yi wà láàárín eegun méjèèjì. Òṣùká ni fún wọn, kí eegun má baà máa ha eegun. Bí ó bá yẹ̀ láyè rẹ̀, ẹnu á máa ró bí a bá yà á. Bí ó bá gbó, làkúrègbé tó ń mú orúnkún lè mú oríkèé yìí náà.

Pípayínkeke lójú oorun, fífi eyín ṣí ìgò, fífọ́ eegun ẹran àti àníyàn tó ń mú ni di eyín mọ́ra máa ń dá kún un.

Bí ọmọdé bá ṣubú tó fi àgbọ̀n gbálẹ̀, ẹ má wo egbò ìta nìkan. Bí oríkèé bá fara pa tí a kò tọ́jú rẹ̀, eegun méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ra. Ọmọ náà kò ní lè la ẹnu dáadáa mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ kò sì ní dàgbà bó ti yẹ.

Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀

- Ìrora níwájú etí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ní ẹ̀bátí.
- Ẹnu tó ń ró, tó sì ń dunni. Èyí tó ń ró lásán láìdunni kì í sábà ṣe àìsàn.
- Ẹnu tí kò ya tó ìka mẹ́ta tí a tò lé ara wọn.

Ìrora yìí máa ń jọ ti eyín tàbí ti etí. Ẹ má yọ eyín, ẹ má sì kán epo sí etí kí dókítà tó yẹ̀ yín wò.

Ìtọ́jú nínú ilé

- Ẹ jẹ oúnjẹ tó rọ̀: ẹ̀kọ, àmàlà, mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi obì, ìrèké àti ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná.
- Ẹ rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, kí ẹ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.
- Bí ẹ kò bá jẹun, ẹ pa ètè dé, ṣùgbọ́n kí eyín má kan eyín.
- Bí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbádùn láìsí iṣẹ́ abẹ. Bí ìrora bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ lọ rí dókítà eyín.

Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí:

- Ẹnu bá yà tí kò pa dé mọ́. Oríkèé ti yẹ̀ nìyẹn. Yíyán lásán lè fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá tì í nílé. Bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń ṣòro dá padà.
- Ẹnu bá gan lẹ́yìn ọgbẹ́, tàbí tí ọmọ tuntun tó ti ń mu ọyàn dáadáa kò lè mu ún mọ́. Ó lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó ń pa èèyàn kíákíá.
- Àgbọ̀n bá ń dunni, tí àyà ń fún, tí òógùn sì ń bo ara. Ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn.
- Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara sì ń gbóná.

Ẹ ka ìwé yìí fún gbogbo ará ilé, pàápàá àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé.