Ọmọ Mi, Mọ Òǹkà Ara Rẹ

Ọmọ mi, jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí kì í ṣe ohun ìtìjú.

Bí o bá fẹ́ lóyún, ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ bá bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin gbogbo obìnrin ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Bí òǹkà tìrẹ, láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù kan sí ti èkejì, bá jẹ́ ọjọ́ 28, ó bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlá. Bó bá jẹ́ 32, ó di ọjọ́ kejìdínlógún.

Ẹyin kì í lò ju wákàtí 24 lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5. Má ṣe dúró de ọjọ́ kan ṣoṣo. Máa wo omi ojú ara rẹ: bó bá ń yọ̀, tó ń fà bíi funfun ẹyin adìẹ tútù, àsìkò àtilóyún ti tó.

Bí nǹkan oṣù rẹ bá ń ṣe ségesège, má gbára lé òǹkà nìkan. Bí ọdún kan bá kọjá tí oyún kò dúró, tàbí oṣù 6 bí o bá ti pé ọdún 35, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ lọ rí dókítà. Ẹ jọ lọ ni mo wí: ohun tó ń fa ìdádúró lè wà lára ọkùnrin pẹ̀lú. Má dá ẹrù náà gbé, ọmọ mi.